Wọ́n Gbé Owó LASU Gun Òkè Àjà, Oníbàárà Kẹ̀yìn sí Ọjà

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé yunifásítì kì í tán nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bó bá sùn lónìí, ó di dandan kó jí lọ́la. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjà tí wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ogójì ọdún ó lé, kò sí èyí tó yẹ kí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́tí sí dáadáa bí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, láàrin ọdún 2011 sí 2014. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ọjà pọ́ńbélé ni.

Ìyá tó ń ta ata ní Mílé 12, káfíńtà tó wà ní Mushin, àti télọ̀ tó ń rán aṣọ ní Ìyànà-Ìbà, gbogbo wọn ló mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní kíláàsì: ẹni tó bá gbówó lé ọjà láì wo àpò oníbàárà, ọjà náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Odidi ọdún mẹ́ta ni ìjọba Èkó fi kọ́ òfin yìí.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Kí ọdún 2011 tó dé, ₦25,000 ni akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń san lọ́dún. Nígbà tó di ọdún náà, lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Rájí Fáṣọlá, ìjọba kéde iye tuntun fún àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti sáà ẹ̀kọ́ 2011/2012. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tàbí tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè àti ìtàn, yóò san ₦193,750. Èyí tó fẹ́ di dókítà yóò san ₦348,750. Àwọn iṣẹ́ yòókù wà láàrin méjèèjì, oníkálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀.

Ẹnu ya gbogbo ayé. Àwọn ọmọ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń san ₦25,000 wọn lọ, àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn sì ń san iye tó fi ìlọ́po méje kọjá ìyẹn. Ti àwọn oníṣègùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ilé-ìwé kan náà, ẹnubodè kan náà ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, olùkọ́ kan náà, ṣùgbọ́n iye méjì ló wà lórí ọjà kan ṣoṣo.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú ìwé alájọ. Ìyá tó bá fẹ́ fi àjọ ojoojúmọ́ san ₦25,000 lọ́dún, kò ní dá tó ₦70 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ₦193,750, ó gbọ́dọ̀ máa dá ₦531 lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, láì yọ ọjọ́ Sunday, láì yọ ọjọ́ òjò, láì yọ ọjọ́ tí ara ò yá. Bó bá jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe dókítà, ₦956 ni lójúmọ́. Ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn o. Kò tíì ra ìwé, kò tíì wọ ọkọ̀, kò tíì jẹun, kò sì tíì san owó ilé tó ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká tún wo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú ọdún 2011 yẹn kan náà ni òfin sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦18,000. Ẹni tó ń gba iye yìí, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ₦216,000 ni gbogbo ohun tó máa rí láàrin ọdún kan. Owó ilé-ìwé tó kéré jù lọ ní LASU yóò gbé owó oṣù mẹ́wàá ó lé lọ nínú rẹ̀. Ti oníṣègùn yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì káló, yóò tún máa bèèrè jàrá.

OHUN TÍ ÌJỌBA SỌ

Kò yẹ kéèyàn gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó ní àlàyé tirẹ̀, àlàyé náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè.

Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tí àwọn rán lọ wo bí nǹkan ṣe rí ní LASU ti jábọ̀ pé ilé-ìwé náà nílò àtúnṣe gidi. Wọ́n ní ₦25,000 kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ń náni láti kọ́ ọmọ kan fún ọdún kan. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ kíkọ́, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì fẹ́ irinṣẹ́, olùkọ́ fẹ́ owó oṣù, jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́ epo. Wọ́n ní ọmọ tó bá jẹ́ ọmọ Èkó, tó sì mọ̀wé, ìjọba lè fún un ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, tí kò ní jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn ìjọba tún fi kún un pé àwọn òbí tó ń pariwo yìí kan náà ló ń san owó ńláńlá fún ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé yunifásítì nìkan ni wọ́n fẹ́ rà lọ́pọ̀? Wọ́n ní ohun tí kò bá wọ́n, wọn kì í fi ojú gidi wò ó, àti pé ẹni tó bá ra ọjà pọ́ọ́kú kó má bínú bó bá bà jẹ́.

Oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ò lè sọ pé irọ́ pátápátá lèyí. Mẹkáníìkì mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ ò lè ra irinṣẹ́ gidi. Ilé-ìwé tí kò rówó, ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀ nígbà tó bá ń wáṣẹ́ kiri.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌMỌ ÀTI ÒBÍ SỌ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kí ìjọba má tún LASU ṣe o, ohun tí àwọn ń sọ ni pé kí ni ìdí tí ìjọba fi dá yunifásítì sílẹ̀ nígbà náà, bó bá jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan ló máa wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè yìí wọni lára, pàápàá fún ẹni tó bá rántí ọdún tí wọ́n dá LASU sílẹ̀. Ọdún 1983 ni, nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ náà fi polongo ìbò ní 1979, òun náà ló sì gbé wọn wọlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Yunifásítì tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí ló wá di ohun tí ọmọ akúṣẹ̀ẹ́ ń wò láti ẹ̀yìn géètì.

Àwọn òbí náà fi tiwọn kún un. Wọ́n ní ìjọba kò bá àwọn sọ̀rọ̀ kó tó gbé iye náà jáde. Ká ní wọ́n ní kí ó kúrò ní ₦25,000 di ₦35,000 lọ́dún àkọ́kọ́, kó di ₦45,000 lọ́dún kejì, àwọn ìbá kùn, àwọn ìbá sì san án. Àmọ́ ọlọ́jà wo ló ń ta kọ́ńgò gàrí ní ₦100 lánàá, tó wá ń pè é ní ₦775 láàárọ̀ òní, tó sì ń bínú pé ẹnikẹ́ni ò yà lọ́dọ̀ òun?

ÌJÀ YÌÍ TI PẸ́

Kì í ṣe LASU ni wọ́n ti kọ́kọ́ ja irú ìjà yìí. Àwọn àgbà inú wa á rántí oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wà lórí oyè, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ló sì ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n fi àádọ́ta kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, ó kúrò ní ₦1.50 lójúmọ́, ó di ₦2. Loni, àádọ́ta kọ́bọ̀ ò ra nǹkan kan, àwọn ọmọdé mìíràn ò tilẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ó dá gbogbo yunifásítì Nàìjíríà rú.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NUNS, tí Ṣẹ́gun Òkeòwò jẹ́ olórí rẹ̀, ní kí Ali kúrò. Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ ìjà náà sí ti wá: «Ali Must Go». Ìbọn dún. Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, kú ikú ìbọn. Ní Zaria náà, ẹ̀mí lọ sí i. Wọ́n ti àwọn yunifásítì pa, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ NUNS, wọ́n sì lé Òkeòwò kúrò nílé ìwé. Owó oúnjẹ náà kò tìtorí ìyẹn padà.

Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó ẹ̀kọ́ bá wálẹ̀, kó padà sẹ́yìn sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955. Ọjọ́ náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé ìwé. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Láàrin ọdún kan péré! Àwọn ọmọ náà ti wà nílé láti ọjọ́ yìí, owó ló dí wọn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, adájọ́ àti dókítà nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà wọlé.

ỌJÀ KÚ LÓRÍ ÀTẸ

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1955 ni LASU yí sódì. Iye àwọn tó ń wọlé já wálẹ̀. Àwọn olùkọ́ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn ò rí ọmọ kọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan máa ṣófo. Ọmọ tó rí ìwé ìgbàwọlé gbà wò ó, ó pa á mọ́ sínú àpótí, ó gba ibòmíràn lọ. Àwọn mìíràn lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn mìíràn dúró sílé de ọdún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá sì mọ Ìyànà-Ìbà mọ̀ pé yunifásítì kì í dá jẹun. Ìyá tó ń ta ìrẹsì, ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, onímọ́tò tó ń pe «LASU! LASU!», onílé tó fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, ara igi kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n bá gé gbòǹgbò, ewé ò lè sọ pé òun ò gbọ́.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, ọ̀rọ̀ náà di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ìdánwò ti dé, àwọn ọmọ kan kò tíì forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ti ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ mọ́ wọn. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n ba nǹkan jẹ́, àwọn aláṣẹ sì ti ilé-ìwé náà pa. Àwọn tó ti ń sọ pé kékeré lọ̀rọ̀ náà wá mọ̀ pé iná ti wà lórí òrùlé.

Láti ìgbà náà ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn á dín in kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀dínkù náà kò tó, ₦25,000 ni àwọn mọ̀. Wọ́n wọ́de, wọ́n kọ̀wé, wọ́n bá àwọn àgbà ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń jókòó ìpàdé pẹ̀lú ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, Gómìnà Fáṣọlá kéde pé owó náà ti padà sí ₦25,000. Ariwo ayọ̀ sọ ní Ọ̀jọ́. Àwọn òbí dúpẹ́. Àwọn olóṣèlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyìn láàrin ara wọn.

TA LÓ DÁ OWÓ PADÀ?

Ibi tí àríyànjiyàn ti wá gbóná nìyí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ní kì í ṣe àánú ló ṣe ìjọba, ìbò ló ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ ka oṣù lórí ìka: oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni wọ́n dá owó padà, oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ìbò gómìnà. Oṣù mẹ́jọ péré! Wọ́n ní ká ní kò sí ìbò, ₦193,750 ni á ṣì máa jẹ́.

Àwọn ti ìjọba ní irọ́ ni. Wọ́n ní ìjọba tó ń gbọ́ràn ni ìjọba tó dára, àti pé gómìnà tó bá gbọ́ igbe ará ìlú tó sì yí padà, oríyìn ló yẹ kí wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Ohun tó yẹ kí ọlọ́jà mú dání níbẹ̀ ni pé olóṣèlú kì í gbọ́ igbe kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ń ké ní 2011, tí ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, etí dí. Nígbà tí wọ́n ké ní 2014, tí ìbò ń bọ̀, etí là. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìbò rẹ̀ ní mẹ́jì owó àti ìwọ̀n ìrẹsì kan, kó kọ́kọ́ rántí pé ìbò ló dá ₦168,750 padà sí àpò òbí lórí ọmọ kan ṣoṣo lọ́dún kan.

Ìbéèrè kejì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò bèèrè nínú ayọ̀ ọjọ́ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń san ₦25,000, ta ló ń san ìyókù? Ìjọba ni. Níbo ni ìjọba ti ń rówó? Lọ́wọ́ ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ nídìí àtẹ ni, lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó ìsọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ra ọṣẹ tí owó orí ti wà nínú rẹ̀. Ìyá tí kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí ń san owó yunifásítì. Nítorí náà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ òun. Ó ti san án sílẹ̀. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

ORÚKỌ YÍ PADÀ, OWÓ Ò YÍ

Ìjà náà kò parí ní 2014. Ó kàn kó kúrò ní Ọ̀jọ́ lọ sí Akọ̀ka ni. Lórí ìwé, àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n ń gbà ní orúkọ mìíràn: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ìlera, owó iná, owó yàrá ìwádìí. Òbí tó bá fẹ́ san án kò mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá pe ológbò ní ajá, eku á ṣì sá.

Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí oyè, tó sì sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹńtiróòlù tí wọ́n ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 ní lítà kan fò kọjá ₦500. Kò pẹ́ sígbà náà, ní oṣù keje, Yunifásítì Èkó ní Akọ̀ka kéde iye tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀, tí wọ́n ń san ₦19,000 tẹ́lẹ̀, yóò san ₦100,750. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gba yàrá ìwádìí yóò san ₦140,250. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ₦190,250. Lọ́dún náà, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n jókòó ìpàdé, àwọn aláṣẹ sì dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Àlàyé àwọn aláṣẹ kò yàtọ̀ sí ti Èkó ní 2011: gbogbo nǹkan ti wọ́n, iná mànàmáná ti wọ́n, owó tí ìjọba ń fún àwọn kò tó. Ìbéèrè àwọn òbí náà kò sì yàtọ̀: ṣé ọdún tí gbogbo nǹkan gbówó lórí mọ́ wa lọ́wọ́ náà ló yẹ kí ẹ tún fi tiyín kún un?

Ọ̀NÀ TUNTUN: Ẹ̀YÁWÓ

Ohun tí ìjọba àpapọ̀ mú jáde láti fi dáhùn ni ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin àkọ́kọ́ yẹn ní àléébù: ọmọ tí owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ bá kọjá ₦500,000 lọ́dún kò lè yá a, ó sì gbọ́dọ̀ wá onídùúró. Wọ́n tún un ṣe, Ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ owó òbí kúrò níbẹ̀. Àjọ NELFUND ló ń bójú tó o, oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bẹ̀rù rẹ̀ láì mọ̀ ọ́n. Kò ní èlé. Kì í ṣe owó sogúndogójì. Owó ilé-ìwé kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà. Ọmọ tún lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé gbèsè nìyẹn náà. Lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tó sì ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀.

Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Bí ọmọ bá yá ₦100,750 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, ₦403,000 ló jẹ. Bó bá ríṣẹ́ tó ń gba ₦100,000 lóṣù, ₦10,000 ni wọ́n á máa yọ. Yóò tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ó lé kó tó bọ́ nínú rẹ̀. Bó bá gba ti oúnjẹ pẹ̀lú, ọdún náà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ètò yìí ní ó sàn ju kí ọmọ jókòó sílé lọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ó máa rọ àwọn yunifásítì lọ́rùn láti tún gbówó lé owó, torí wọ́n á máa sọ pé, «Ẹ lọ yá a.»

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní 1972 ni ìjọba ológun ti kọ́kọ́ dá àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yá a kò san án padà, títí tí wọ́n fi sọ àjọ náà di báńkì ẹ̀kọ́ ní 1993, tí ìyẹn náà sì rọlẹ̀. Alájọ tó bá kó owó fún ẹni tí kò ní san padà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á tì.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA FÚN OLÓṢÈLÚ

Nígbà mìíràn tí gómìnà tàbí ọmọ ilé aṣòfin bá wọ ọjà wá pẹ̀lú ankárá àti ìlù, kí àwọn ìyálọ́jà bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jó.

Àkọ́kọ́: bí owó ilé-ìwé bá máa lọ sókè, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Ohun tó ṣe LASU ní jàǹbá jù lọ ni fífò tó fò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹrù tí wọ́n bá fi dídẹ̀ gbé, orí lè gbà á.

Ìkejì: kí ni owó náà máa ṣe, níbo la ti máa rí i? Bí wọ́n bá ní yàrá ìwádìí ni, kí wọ́n fi yàrá náà han ará ìlú. Bí wọ́n bá ní ilé ni, ká rí bíríkì. Oníbàárà tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti tú ọjà wò.

Ìkẹta: ọmọ ẹni tí kò ní, báwo ló ṣe máa wọlé? Kì í ṣe ìlérí ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ lẹ́nu lásán. Ọmọ mélòó? Èló? Ìgbà wo ni wọ́n á san án, kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn?

Àwọn Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ yìí kan òbí, ó sì kan ìjọba náà. Yunifásítì tí a kọ́ sí Ọ̀jọ́, tí a kọ́ sí Akọ̀ka, tí a kọ́ sí Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn ọmọ tálákà ò bá lè wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ tó kù síta náà la máa bá pàdé lálẹ́ nígbà tí a bá ń ti ìsọ̀ bọ̀.

Ojúewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Èló ni ẹ san lórí ọmọ yín lọ́dún yìí, báwo lẹ sì ṣe rí i san? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Bí ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ ọ́ fún yín. Ṣebí ohun tí ẹ torí rẹ̀ rán an nílé ìwé nìyẹn.